Láti Ẹnu Àwíjàre dé Ojú Ìwé Àdéhùn: Ìtàn Iṣẹ́ Amòfin Ìṣòwò ní Nàìjíríà àti Òṣùwọ̀n Agbára Rẹ̀

Ìfáárà

Orúkọ méjì ni àwọn Yorùbá sábà máa ń pe ẹni tó kọ́ òfin tó sì fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Èkíní ni lọ́yà, tí wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni agbẹjọ́rò, tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara gbà, ẹjọ́ àti rò. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kejì yìí fi ojú tí àwùjọ fi ń wo iṣẹ́ náà hàn kedere: ẹni tó ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò níwájú adájọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà sì rí nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú ilé-iṣẹ́ amòfin tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣòwò lóde òní, èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ni kì í dé iwájú adájọ́ rárá. Ìwé àdéhùn ni wọ́n ń kọ, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ ya owó àti ẹni tó fẹ́ yá a ni wọ́n ń là ní ọ̀nà. Bí iṣẹ́ wọn bá dára, kò ní sí ẹjọ́ kankan láti rò.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ohùn ẹni tó jàre ní kóòtù. Kò sí ẹni tó ń rí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé tí kò jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀. Báwo wá ni a ṣe lè wọn agbára ilé-iṣẹ́ amòfin ìṣòwò? Ìdáhùn àròkọ yìí ni pé ìtàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń yangàn lónìí ló ní òfin tàbí ètò ìjọba kan tó bí i. Ẹni tó bá mọ ohun tó bí ẹ̀ka kan ni yóò mọ òṣùwọ̀n tó yẹ láti fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò lè tó gbogbo wọn.

Àwọn Agbẹjọ́rò Àkọ́kọ́ àti Ẹjọ́ Ilẹ̀

Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún 1876 ni wọ́n ṣe òfin tó fi ìpìlẹ̀ Ilé-Ẹjọ́ Gíga lélẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ òfin ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ nígbà náà, nítorí náà òfin yìí fàyè gba àwọn ènìyàn tí kò kàwé òfin, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì mọ bí kóòtù ṣe ń ṣe, láti gba ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ kí wọ́n sì máa rojọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Àkànṣe àyè yìí wà títí di àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Christopher Sapara Williams, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Freetown ní ọdún 1855, ni a mọ̀ sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1888. Ní etíkun Gold Coast, èyí tó di Gánà lónìí, John Mensah Sarbah gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà tirẹ̀ ní ọdún 1887. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin ìbílẹ̀ àwọn Fante jáde. Òun náà rí i pé ẹni tí kò bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ́ ti ẹbí kò lè rojọ́ ilẹ̀ níwájú adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù gíga, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń kọ ìwé fún oníbàárà. Àwọn lọ́yà kò pọ̀ tó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti pín iṣẹ́ báyìí. Ẹnì kan náà ni wọ́n fún ní àṣẹ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà ní Nàìjíríà títí di òní. Ìdàpọ̀ yìí ní èrè, nítorí pé ẹni tó kọ ìwé mọ bí adájọ́ yóò ṣe kà á. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù pẹ̀lú: ògo kóòtù bo iṣẹ́ ìwé mọ́lẹ̀, nítorí pé ní kóòtù ni orúkọ ti ń jáde.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ àwọn agbẹjọ́rò di ọlọ́lá. Ní ọdún 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ìjọba ní owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí i kò lè ju ti ẹni tó kàn ń ṣàkóso ilẹ̀ lọ. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Onídàájọ́ ti Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921 ni wọ́n dá a pé gbogbo àwùjọ náà ló ni ilẹ̀, olóyè náà sì ni aṣojú wọn. Nítorí náà, bí ẹni ń sanwó fún onílẹ̀ gan-an ni kí ìjọba san owó náà. Ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ìṣòwò ju bí ó ṣe hàn lójú lọ. Ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí, tàbí tó fẹ́ gbà á ní ìdógò, gbọ́dọ̀ wá gbogbo àwọn tí ilẹ̀ náà kàn rí. Wíwá wọn rí, kíkọ orúkọ wọn sínú ìwé àti gbígba ìfọwọ́sí wọn di iṣẹ́ amòfin. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ òfin ìṣòwò ni èyí.

Ilé-Iṣẹ́ àti Ìpín Ìdókòwò

Òfin àkọ́kọ́ lórí ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ dé Èkó ní ọdún 1912. A fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1917, a sì tún un tò ní ọdún 1922. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń lò ó jẹ́ ti àwọn òyìnbó, amòfin òyìnbó ni wọ́n sì sábà máa ń gbé iṣẹ́ wọn fún. Àwọn lọ́yà ọmọ ilẹ̀ yìí pọ̀ ní kóòtù, wọn kò pọ̀ nínú yàrá ìpàdé àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́. Olúkúlùkù ló sì ń dá ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdún 1948 fi jẹ́ mánigbàgbé. Bọ̀dé Thomas, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fani-Kayode da iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Thomas, Williams and Kayode. Òun ni a kà sí àjọṣepọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn lọ́yà ọmọ Nàìjíríà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ni òwe wọn. Ṣùgbọ́n Thomas kú ní ọdún 1953, òṣèlú sì gba ọ̀pọ̀ nínú àkókò àwọn méjì yòókù. Ìbéèrè tí àjọṣepọ̀ náà gbé dìde kò tíì kúrò nílẹ̀: ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ amòfin lè wà láàyè lẹ́yìn àwọn tó dá a sílẹ̀?

Òmìnira ló sọ ẹ̀ka yìí di ti ọmọ onílẹ̀. Ọjà ìpín ìdókòwò ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní ọdún 1961. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1968 pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ ṣòwò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ọdún 1972 lórí sísọ okòwò di ti ọmọ Nàìjíríà dé. Ó to irú òwò 22 tí ọmọ Nàìjíríà nìkan lè ṣe, ó sì to 33 mìíràn tí àwọn àjèjì kò lè ṣe láìjẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú rẹ̀. Òfin ti ọdún 1977 tún le sí i: ó pín òwò sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà pátápátá, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìdá 40. Láàárín ọdún díẹ̀, ọgọ́ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ní láti tún ìwé ìdásílẹ̀ wọn kọ, kí wọ́n díye lé ìpín wọn, kí wọ́n sì tà á. Amòfin ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Àwọn bíi Olóyè Chris Ògúnbánjọ, ẹni tó kú ní ọdún 2023 nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, fi hàn pé amòfin lè di ẹni ńlá nínú ìmọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń dún ní kóòtù lójoojúmọ́. Òfin ọdún 1990 tó dá Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ sílẹ̀, àti ti ọdún 2020 tó rọ́pò rẹ̀, kàn ń fẹ ojú ọ̀nà tí ọdún 1968 ti là ni.

Òye iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n ẹ̀ka yìí. Amòfin tó dáńtọ́ níbẹ̀ ni ẹni tó mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń tà, tó mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, tó sì lè sọ fún un ṣáájú pé ohun báyìí yóò di ìjà ní ọdún kẹta.

Ìdógò, Báńkì àti Ọ̀rọ̀ Ìfọwọ́sí Gómìnà

Ní oṣù kẹta ọdún 1978 ni ìjọba ológun gbé òfin lílo ilẹ̀ jáde. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, tàbí kí ó fi í dógò, gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yìí sí bàbàrà títí di ọdún 1989, nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Wọ́n ní ìdógò tí báńkì náà gbà láìsí ìfọwọ́sí gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó ti jáde lọ́wọ́ báńkì, ilẹ̀ tó dì mú kò sì jẹ́ ohun ìdúró mọ́. Ẹni tó yá owó gan-an ló lo àìsí ìfọwọ́sí náà gẹ́gẹ́ bí àwíjàre.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀ka ìdógò ti di ibi tí a ti ń fi sùúrù àti ìpéye dá amòfin mọ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo: kí a wá ìwé ilẹ̀ lọ sí ilé ìforúkọsílẹ̀, kí a gba ìfọwọ́sí, kí a san owó ìjọba, kí a fi orúkọ ìdógò sílẹ̀ lákòókò. Ilé-iṣẹ́ amòfin tó bá ní agbẹjọ́rò tó gbajúmọ̀ jù lọ ní kóòtù lè kùnà níbí bí kò bá ní akọ̀wé tó ń tọ́jú ọjọ́.

Ìdánwò tó tóbi jù fún ẹ̀ka báńkì dé ní oṣù keje ọdún 2004, nígbà tí Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà kó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. 25 ló kù. Àwọn kan dàpọ̀, àwọn kan ra ẹlòmíràn, àwọn kan tajà ìpín wọn fún gbogbo ènìyàn. Gbogbo gbèsè, ìwé àdéhùn, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ báńkì kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan ní láti kà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹnì kan tó lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kó ọ̀pọ̀ amòfin jọ lábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n sì ti pín wọn sí ẹ̀ka, ni wọ́n lè gba irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2001, nígbà tí ìjọba ta àṣẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ní mílíọ̀nù 285 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí ìjọba fa ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́.

Epo, Gáàsì àti Ìgbìmọ̀ Onílàjà

Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Olóìbírí ní ọdún 1956. Òfin ọdún 1969 sì fi gbogbo epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ epo ti ọdún 2021 ló wá tún ọ̀pọ̀ nínú ètò yìí tò. Àdéhùn epo máa ń pẹ́, owó rẹ̀ máa ń pọ̀, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń wá láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ìjà bá dé, ìgbìmọ̀ onílàjà ni yóò parí rẹ̀, kì í ṣe kóòtù.

Ìtàn P&ID fi ohun tó rọ̀ mọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó epo rọ̀bì bá ilé-iṣẹ́ yìí, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní British Virgin Islands, ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì. P&ID yóò kọ́ ibi ìfọ̀-gáàsì, ìjọba yóò sì máa fi gáàsì ránṣẹ́ sí i. Wọn kò kọ́ ibẹ̀, gáàsì kò sì dé. Ìgbìmọ̀ onílàjà tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá Nàìjíríà lẹ́bi, ó sì ní kí ó san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ní ọdún 2017, pẹ̀lú èlé. Nígbà tí ọdún 2023 yóò fi dé, owó náà ti ju bílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Adájọ́ Robin Knowles ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ onílàjà náà: àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí èké wà níbẹ̀, ìwé àṣírí tí Nàìjíríà àti àwọn amòfin rẹ̀ jọ ní sì ti bọ́ sọ́wọ́ P&ID.

Nàìjíríà jàre ní kóòtù, ayọ̀ sì ṣubú layọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí orí jìbìtì. Ó pe àkíyèsí sí bí a ṣe ń kọ àdéhùn ìṣòwò ńlá tó kan orílẹ̀-èdè, àti sí bí aṣojú orílẹ̀-èdè ṣe ń ṣe níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà. Àwọn tó gba Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 2023 ṣe iṣẹ́ akin. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé kan tí ọ̀gbọ́n amòfin tó péye ì bá ti yí padà, tàbí kó kọ̀ ọ́, ní ọdún 2010. Òṣùwọ̀n ẹ̀ka epo àti gáàsì wà láàárín ọdún méjèèjì yìí.

Ta Ló Di Òṣùwọ̀n Mú?

Ìjọba ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Láti ọdún 1975, nígbà tí wọ́n fi oyè Àgbà Amòfin Nàìjíríà dá Rótìmí Williams àti Nabo Graham-Douglas lọ́lá, oyè yìí ni ògo tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ẹjọ́ tí ènìyàn rò ní àwọn kóòtù ńláńlá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní pàtàkì, yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń fún nítorí iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó fi ogójì ọdún kọ ìwé àdéhùn tí kò dá ìjà sílẹ̀ kò ní ẹjọ́ láti fi hàn wọ́n. Àṣeyọrí rẹ̀ gan-an ló ń dí i lọ́wọ́.

Àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, irú bíi Chambers àti Legal 500, gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Wọ́n pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà àti lọ́wọ́ amòfin ẹlẹgbẹ́, wọ́n sì ń to àwọn ilé-iṣẹ́ ní ipò. Èrè wọn ni pé wọ́n kọ́ ọjà láti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan lè dára nínú ọ̀rọ̀ báńkì kó má sì dára nínú ọ̀rọ̀ owó-orí. Àléébù wọn ni pé owó ńlá àti oníbàárà òkèèrè ni ojú wọn máa ń tètè rí. Amòfin tó ń kọ ìwé fún àwọn oníkòkó ní Oǹdó tàbí àwọn oníṣòwò awọ ní Kánò kò sábà sí nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ààlà orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ń da òṣùwọ̀n rú. Ní ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Faransé fọwọ́ sí àdéhùn OHADA ní Port-Louis. Nípa rẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà ní Kútọnu, ní Lomé àti ní Dakar, ilé-ẹjọ́ wọn kan náà sì wà ní Abidjan. Amòfin Kútọnu lè gba oníbàárà Dakar nímọ̀ràn lórí ìpín ìdókòwò láìṣí ìwé òfin mìíràn. Amòfin Èkó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Accra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun òfin àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé òun lágbára ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ènìyàn ní ìhà méjèèjì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtàn yìí fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó lágbára kò ní láti ga bákan náà ní gbogbo ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní ẹ̀ka ẹjọ́, kí a wo ìdájọ́. Ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́, kí a wo iye ọdún tí oníbàárà ti lò pẹ̀lú wọn. Ní ẹ̀ka báńkì, kí a wo ìdógò tó dúró nígbà tí ayánilówó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ka epo, kí a wo àdéhùn tí wọ́n gba ìjọba tàbí oníbàárà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fọwọ́ sí. Ní gbogbo ẹ̀ka, kí a béèrè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà bí olùdásílẹ̀ kò bá sí nílé.

Ìgúnlẹ̀

Agbẹjọ́rò jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dára, iṣẹ́ tó ń tọ́ka sí kò sì tíì kúrò láyé. Ṣùgbọ́n kò tó mọ́ láti gbé gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ti dà. Amòfin, tó túmọ̀ sí ẹni tó mọ òfin, fẹ̀ jù ú lọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn. Yíyàn láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe eré àwọn olùkọ́ èdè lásán. Àwùjọ tí èdè rẹ̀ bá so òfin mọ́ ẹjọ́ nìkan kò ní wá amòfin títí ìjà yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Oníṣòwò yóò fọwọ́ sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e, ẹbí yóò ta ilẹ̀ láìka orúkọ pé, ìjọba pàápàá yóò ṣe àdéhùn ogún ọdún kó tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọn yóò wá sáré wá ẹni tí yóò gba ẹjọ́ wọn rò, owó tí wọn yóò san fún un yóò sì ju ti ẹni tí ì bá ti bá wọn ka ìwé náà lọ.